Ooru Abẹ́ Ẹsẹ̀: Àgbéyẹ̀wò Bí A Ṣe Lè Dá Ooru Èéfín Dúró Kó Tó Wọ Inú Ọkọ̀ Àtijọ́

Ìdájí ọjọ́ ọyẹ́ kan ni mo gbéra ní Ìbàdàn, mo ń lọ sí Èkó nínú Peugeot 504 tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi. Oòrùn kò tíì yọ. Kùrukùru bo títì mọ́lẹ̀, atẹ́gùn ojú fèrèsé sì tutù débi pé mo de bọ́tìnnì ẹ̀wù mi dé ọrùn. Síbẹ̀, nígbà tí n ó fi dé Ògèrè, gìgísẹ̀ ọ̀tún mi ti ń ta mí bíi ti ẹni tó gbé ẹsẹ̀ sẹ́bàá ààrò. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ kan ilẹ̀ ọkọ̀ lábẹ́ tọ́rótù, mo sì yára fa ọwọ́ sẹ́yìn. Máàtì rọ́bà tó wà níbẹ̀ ti rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Ojú gìgísẹ̀ mi jìn sínú rẹ̀ kedere, bí ojú ẹsẹ̀ ṣe ń jìn sínú ẹrẹ̀.

Ọjọ́ náà ni mo yé di ẹ̀bi ru oòrùn. Lóòótọ́, oòrùn ọ̀sán gangan lè da nǹkan bí 1,000 wáàtì sórí páànù tó fẹ̀ tó mítà kan níbùú lóròó, orí ọkọ̀ sì fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n oòrùn kì í gba ilẹ̀ wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ ti oòrùn àti èyí tó jẹ́ ti èéfín nínú ooru ọkọ̀ rẹ̀, kó gbé ọkọ̀ náà jáde lóru tàbí kí ilẹ̀ tó mọ́, kó wà á fún bí ìdajì wákàtí lórí ọ̀nà tó já geere, kó wá fọwọ́ wá ibi tó gbóná kiri. Ohun tó bá rí níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì àti páìpù èéfín ló ni ín.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti béèrè lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì tó mọ 504 bí ẹní mowó, mo ti wo bí àwọn tó ní ọkọ̀ àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ṣe ń ṣe tiwọn, mo sì ti fọwọ́ ara mi tú ilẹ̀ ọkọ̀, mo tún un tò. Ohun tí mo rí ni pé ibi tó yẹ kí iṣẹ́ náà parí sí ni ọ̀pọ̀ wa fi ń ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn la kọ́kọ́ ń rà. Bí kò bá tó, a ó tẹ́ fóòmù sábẹ́ rẹ̀. Bí fóòmù bá ń rùn, a ó gbé ẹ̀rọ amútùútù sínú ọkọ̀ tí wọn kò ṣe fún un, ẹ̀rọ náà á sì tún di ẹrù lé ẹ́ńjìnnì tó ti ń gbóná tẹ́lẹ̀. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ooru ń gbà rìn, ẹni tó bá ti dáná igi rí sì mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ń gba ara irin kọjá, bí ìdí ṣíbí ṣe ń gbóná mọ́ ẹni tó ń ro ọbẹ̀ lọ́wọ́. Ó ń gun atẹ́gùn, bó ṣe ń fẹ́ lu ojú ẹni tó ṣí ìkòkò. Ó sì ń ta láti ara iná bọ́ sára ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láìfọwọ́ kan ohunkóhun láàárín, èyí tí a ń pè ní yíyáná. Lábẹ́ ọkọ̀, ooru ìyáná yìí ni ọ̀gá, òun náà sì ni àwọn ènìyàn kì í kà sí. Ojú mánífóòdù, irin tó ń kó èéfín jáde lára ẹ́ńjìnnì, lè kọjá 500°C nígbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù. Páìpù tó tẹ̀ lé e kò tutù púpọ̀ jù ú lọ, ìka mélòó kan péré ló sì wà láàárín òun àti ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ wa wà.

Ohun kan wà nípa ooru ìyáná tó yẹ kí olúkúlùkù ọlọ́kọ̀ àtijọ́ mọ̀ sórí. Bí nǹkan bá ṣe ń gbóná sí i, ooru tó ń ta jáde lára rẹ̀ ń pọ̀ ju bí ìgbóná náà ṣe pọ̀ lọ. Tí a bá bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti ibi tí òtútù pin sí, ìyẹn 273 nísàlẹ̀ òdo, a ó mú ìgbóná náà, a ó fi ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ lọ́nà mẹ́rin. Ìyẹn ló fà á tí páìpù tó wà ní 400°C fi ń ta ooru tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti páìpù tó wà ní 300°C. Ìdámẹ́rin lásán la dín kù lára nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi hàn wá, ṣùgbọ́n bí ìdajì ooru ló ti lọ. Nítorí náà, gbogbo owó tí a bá ná láti mú kí ojú páìpù tutù ń mú èrè wá ju owó tí a ná sórí kápẹ́ẹ̀tì lọ fíìfíì.

Ọkọ̀ kò jọ ọkọ̀, ooru wọn kò sì jọra. Mercedes 300 SL tó jáde ní 1954, èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí sókè bí ìyẹ́, lókìkí fún ẹwà, ó tún lókìkí fún ooru, nítorí gíláàsì ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í yí wálẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ atẹ́gùn ní láti yọ gíláàsì náà kúrò pátápátá. Cobra tí Carroll Shelby ṣe ní Amẹ́ríkà gbé páìpù ńláńlá gba ẹ̀gbẹ́ àpótí tí ẹsẹ̀ awakọ̀ wà, ó wá gbé e jáde sí ìhà ọkọ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ láìfura, páìpù náà á jó o ní ojúgun, àwọn tó ní Cobra sì ń pe àpá náà ní ìbùjẹ ejò. Nínú Mini, tó jáde ní 1959, wọ́n dá ẹ́ńjìnnì ní ìbú, wọ́n kọ ojú mánífóòdù sí ìgànná irin tó pààlà sáàárín ẹ́ńjìnnì àti àwọn tó jókòó, wọ́n sì fi páìpù gba ihò àárín ilẹ̀ ọkọ̀ lọ sẹ́yìn. Ẹni tó bá wọ Mini, ó jókòó ti páìpù ni.

Ṣùgbọ́n èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni Volkswagen tí gbogbo wa mọ̀ sí Ìjàpá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò nílùú Èkó ní 1975. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, atẹ́gùn ló sì ń tù ú, kò lo omi. Ibi tí yìnyín ti ń bọ́ ni àwọn tó ṣe é ń gbé, wọ́n sì dìídì wá ọ̀nà tí ooru èéfín yóò fi bá wọn nínú ọkọ̀. Wọ́n fi àpótí páànù bo apá kan páìpù èéfín lọ́tùn-ún àti lósì, fáànù ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ atẹ́gùn gba inú àpótí náà, atẹ́gùn ọ̀hún á gbóná, á wá gba ihò inú ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ lọ síbi ẹsẹ̀. Ìdérí kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí wáyà ń fà, ló ń pinnu bóyá ooru náà á wọlé tàbí á jáde síta. Tí wáyà bá dípẹtà, tí ìdérí bá sì há sí ṣíṣí, ohun tí wọ́n fi ṣe oore fún ará Berlin á di ìyà fún ará Bódìjà. Mo ti rí Ìjàpá tí olówó rẹ̀ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì méjì léra wọn, tí kò sì mọ̀ pé lẹ́yìn ọkọ̀ ni ìdérí méjì tí owó wọn kò tó nǹkan wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn níbí ti yọ àpótí náà dànù, wọ́n fi páìpù lásán rọ́pò rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, kìkì pé kí wọ́n rántí dí ẹnu ihò méjèèjì tó ń gbé atẹ́gùn jáde láti ilé fáànù. Bí wọn kò bá dí i, atẹ́gùn tó yẹ kó tu ẹ́ńjìnnì á máa ṣòfò.

504 ni tèmi, òun ni mo mọ̀ jù. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti gbé e jáde ní 1968, láti 1975 ni wọ́n sì ti ń tò ó ní Kàdúná, wọn kò dáwọ́ dúró títí ọ̀rúndún yìí fi wọlé. Ọkọ̀ tí a mọ̀ dójú àmì ni, pátì rẹ̀ sì wà ní ọjà Ládípọ̀ nílùú Èkó àti ní Àràrọ̀mí, ní Géètì, Ìbàdàn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé èyí tó kù lọ́wọ́ wa lónìí, ọwọ́ mẹkáníìkì mẹ́wàá ti kan án, ìpinnu kọ̀ọ̀kan wọn sì ṣì wà lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí iná ti ń jó. Ẹ́ńjìnnì tó ń ṣàìsàn máa ń ní ibà, inú páìpù èéfín sì ni ibà náà ń gbà jáde. Bí pílọ́ọ̀gì bá ń ta iná pẹ́ ju àkókò tó yẹ lọ, pẹtiróòlù kò ní í jó tán kí fáàfù èéfín tó ṣí. Iná tó yẹ kó ti písítìnì wálẹ̀ á máa jó lọ sínú mánífóòdù. Kabúrétọ̀ tí ìdọ̀tí dí, tó ń fún ẹ́ńjìnnì lépo tó kéré ju bó ṣe yẹ lọ, máa ń gbé ooru èéfín ga bákan náà, sàlẹ́ńsà tó ti dí nínú náà sì ń dá ooru padà sẹ́yìn. Mo gbé ọkọ̀ mi lọ sọ́dọ̀ bàbá arúgbó kan tó ti ń tún 504 ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń dún, ó ní kí n pa á.

“Táímìnì rẹ ti lọ sẹ́yìn jù. Ta ló ṣe é?”

“Bàbá, ẹni tó ń bá mi tún un ṣe ni. Ó ní ó ń ró kọ́kọ́kọ́ tó bá ń gun òkè, ló bá fà á sẹ́yìn kó lè dákẹ́.”

“Ó dákẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iná ti kó lọ sínú páìpù. Ẹsẹ̀ ò ń ta ọ́ ni?”

N kò tíì sọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ fún un rárá. Ó fi ìmọ́lẹ̀ táímìnì dá a padà síbi tí ìwé Peugeot sọ, ó sì ha ọ̀rá dúdú tó dì sí orí ẹ́ńjìnnì, èyí tó ń fa kọ́kọ́kọ́ náà gan-an. Nígbà tí mo tún gba ọ̀nà Èkó lọ, n kò tíì fi náírà kan ra ohun ìdáàbòbò, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ọkọ̀ ti ṣe é fọwọ́ kàn. Ìyàtọ̀ náà tóbi débi pé inú bí mi sí gbogbo ọdún tí mo fi ra máàtì.

Fáànù pẹ̀lú. Fáànù 504 ní mágínẹ́ẹ̀tì tó ń so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì nígbà tí omi bá gbóná, tó sì ń tú u sílẹ̀ nígbà tí omi bá tutù. Bí mágínẹ́ẹ̀tì náà bá kú, fáànù á máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, gbogbo ooru abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì á sì ṣígun lọ bá ìgànná. Ọkọ̀ tó ń tutù lórí ọ̀nà já-n-tó-o, tó ń gbóná bí ó bá dúró, fáànù àti radiétọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bi. Èyí tó ń gbóná bó ṣe ń sáré sí i, páìpù ni kí ẹ bi.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí mú ní ọ̀kúnkúndùn ju gbogbo ìyókù lọ. Ibi tí ooru èéfín ń gbà wọlé, èéfín fúnra rẹ̀ lè gba ibẹ̀. Gáàsì tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide wà nínú rẹ̀. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìgbà tó lé ní 200. Ẹni tó ń fà á símú á rò pé oorun ló ń kun òun tàbí pé ìrìn àjò ló mú orí fọ́ òun. Bí orí bá ń fọ́ gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ara wọn sì ń balẹ̀ bí wọ́n bá sọ̀kalẹ̀, ẹ má wulẹ̀ wà á mọ́ títí ẹ ó fi mọ ibi tó ń jò. Nínú Ìjàpá, àpótí ooru tó ti jẹrà ń gbé gáàsì náà wọlé tààrà. Nínú 504 wágọ́ọ̀nù tí a fi ń na Èkó sí Benin nígbà kan, rọ́bà ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó ti gé ló máa ń jẹ́ kó wọlé, nítorí atẹ́gùn tó ń yí lẹ́yìn ọkọ̀ ń fa èéfín padà. Àwọn ọmọdé tí a kó sí ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n ń kọ́kọ́ fà á.

Wíwá ibi tó ń jò kò ṣòro. Láàárọ̀ kùtù, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, ẹ ní kí ẹnì kan fi àkísà nínípọn dí ẹnu páìpù lẹ́yìn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́. Ẹ ó gbọ́ ọ: fù, fù, fù. Ẹ da omi ọṣẹ sí gbogbo ìsopọ̀ láti orí mánífóòdù lọ sẹ́yìn, ibi tí ọṣẹ bá ti ń hó ni ẹlẹ́ṣẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì mánífóòdù ló ń jẹ́bi jù. Ẹ má fi ohunkóhun bo páìpù tí ẹ kò tíì dán wò báyìí.

Lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì ni páìpù, ibi tí àríyànjiyàn sì pọ̀ sí nìyí. Àwọn kan ń wé e. Aṣọ tó jọ báńdéèjì ni, wọ́n fi okùn gíláàsì tàbí òkúta basalt tí wọ́n yọ́ hun ún, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi, wọ́n á wé e mọ́ páìpù pinpin, wọ́n á fi wáyà irin dè é. Ó ń ṣiṣẹ́, n kò ní í purọ́. Ooru tó ń jáde lára páìpù á dín kù lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ibo ni ooru náà lọ? Ó kù sínú irin. Páìpù tí wọ́n wé ń gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mánífóòdù àtijọ́ sì lè là. Èyí tó burú jù fún wa ni òjò. Ọkọ̀ tó wọ omi ní oṣù kẹfà, tó wá dúró sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, aṣọ náà á di tìmùtìmù tó mu omi tira mọ́ irin, ìpẹtà á sì máa jẹ páìpù lábẹ́ aṣọ níbi tí ojú kò tó. Mo ti gé irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kúrò lára páìpù kan tí kò tíì pé ọdún méjì: irin náà ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Fún ọkọ̀ eré ìje tí wọ́n ń tú wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò burú. Fún ọkọ̀ tí a ń tọ́jú kó lè pẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa, n kò gbà á nímọ̀ràn.

Ọ̀dà seramíìkì ni èkejì, òun ni mo sì fara mọ́ bí owó bá wà. Wọ́n á fọ páìpù pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ alágbára títí irin á fi funfun, wọ́n á fọ́n ọ̀dà náà sí i níta àti nínú, wọ́n á wá yan án nínú ààrò ńlá. Jet-Hot ń ṣe é ní Amẹ́ríkà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Zircotec ń lo irú èyí tó pilẹ̀ṣẹ̀ láti ibi iṣẹ́ iná átọ́míìkì. Kì í gba omi sára, kì í jẹ́ kí ìpẹtà wọlé, ó sì ń mú kí ojú páìpù tutù gan-an, èyí tí ìṣirò tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan fi hàn pé ó níye lórí. Ọ̀dà inú agolo tí wọ́n kọ “high temperature” sí, tí wọ́n ń fọ́n sí páìpù lójú títì, kì í ṣe nǹkan kan náà rárá. Àwọ̀ nìyẹn ń fún páìpù.

Kí a tó lọ síwájú, ẹ wo rọ́bà tí páìpù rọ̀ mọ́. Bí ọ̀kan bá já, páìpù á fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, á sì fara ti ilẹ̀. Rọ́bà tí owó rẹ̀ kò tó ti ìgò epo kan lè jẹ́ gbogbo ìṣòro.

Apá tó kàn ni mo fẹ́ràn jù: asà tí a fi sáàárín páìpù àti ilẹ̀. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ mọ̀ nípa rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló sì jáde pẹ̀lú asà páànù lábẹ́. Nígbà tó bá yá, bóòtù kan á tú, asà á máa mì gbìnrìn-gbìnrìn, mẹkáníìkì á fà á ya, á sọ ọ́ nù, olówó ọkọ̀ á sì dúpẹ́ pé ariwo ti tán. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wa ṣe di aláìní-asà.

Alumíníọ̀mù tó ń dán kì í gba ooru ìyáná mọ́ra. Bí a bá ta ooru 100 sí i, bí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò dá padà. Irin tó ti dípẹtà ń gbà bí 80 mọ́ra. Ẹ má jẹ́ kí àwọ̀ tàn yín o: ọ̀dà, ìbáà funfun bí ẹfun, ń gba ooru ìyáná mọ́ra bíi ti dúdú. Àjákù páànù òrùlé alumíníọ̀mù ni mo fi ṣe tèmi. Ó ní ọ̀dà lójú kan, mo sì fi sánpépà ha á títí ó fi ń dán, kí n tó kọ ojú náà sí páìpù. Mo fi sísọ́ọ̀sì páànù gé e, mo ká etí rẹ̀ kó má baà máa gbọ̀n, mo sì lu ihò mẹ́fà sí i. Ọ̀rọ̀ wá kù síbi àlàfo. Bí asà bá lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀ pẹ́kí, ooru á gba ara rẹ̀ kọjá sínú ilẹ̀, a ò ṣe nǹkan kan. Nítorí náà ni mo ṣe gé páìpù irin tẹ́ẹ́rẹ́ sí wẹ́wẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó ìbú ìka, mo fi wọ́n sí ara bóòtù kọ̀ọ̀kan kí asà lè fò kúrò lára ilẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà méjì. Iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa gbà á kọjá bí ọkọ̀ bá ń lọ. Ẹni tó bá ní àyè, kó fi asà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì síbẹ̀ pẹ̀lú àlàfo láàárín wọn, wọ́n sàn ju ẹyọ kan tó nípọn lọ. Kí ẹ tó lu ilẹ̀ ọkọ̀, ẹ mọ ibi tí páìpù epo àti ti bíréèkì gbà. Kí ẹ má sì tẹ asà bí ọpọ́n, kí ewé gbígbẹ má baà kó sínú rẹ̀ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ ìwọn-ooru tí a ń nà sí nǹkan, èyí tó jọ ti ìgbà kòrónà àmọ́ tó jẹ́ ti iṣẹ́ mẹkáníìkì, kó mọ̀ pé ohun tó ń dán ń tan ẹ̀rọ náà jẹ. Ó lè kà pé asà tutù, kí ọwọ́ sì jóná lórí rẹ̀. Ẹ fi ọ̀dà dúdú kan ojú kékeré kan lára rẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ nà á sí.

Ìgànná ló kàn. Ọ̀nà tí mo gbà yẹ tèmi wò rọrùn: mo dúró dìgbà tí ilẹ̀ ṣú, mo gbé tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ yòò sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo ti bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo sì wọ inú ọkọ̀ lọ dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú orí lábẹ́ sítẹ́rìn. Mo rí ìràwọ̀. Ihò wáyà tí ríwáyà kan lù tí kò fi rọ́bà sí, ihò kébù kan tí rọ́bà rẹ̀ ti gbẹ fọ́, ìlà gígùn kan níbi tí páànù méjì ti pàdé, tí àtè ìgbàanì ti bọ́ kúrò. Mọ́kànlá ni mo kà. Atẹ́gùn abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tó gbóná fòò ń gba gbogbo wọn wọlé, níbi ẹsẹ̀ gan-an. Rọ́bà tuntun àti sílíkóònù tó ń gba ooru ni mo fi dí wọn, iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ méjì péré. Rọ́bà tó yẹ kó wà létí bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn ṣe pàtàkì bákan náà, nítorí ìdí gíláàsì iwájú ni ọkọ̀ ti ń fa atẹ́gùn símú. Àwọn tó ń gbé ẹ̀yìn bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè díẹ̀ kí ooru lè jáde, inú ọkọ̀ ni ooru náà ń jáde sí.

Kí a tó kúrò níbẹ̀: họ́ọ̀sì hítà. Omi ẹ́ńjìnnì tó gbóná tó 85°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń gba radiétọ̀ kékeré kan kọjá lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, bí ẹ̀rọ omi rẹ̀ bá sì há sí ṣíṣí, ọdún gbogbo là ń yáná. Ẹ so họ́ọ̀sì méjèèjì papọ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí omi má dé ibẹ̀ mọ́.

Ìsinsìnyí ni a wá lè sọ̀rọ̀ ilẹ̀ ọkọ̀. Ohun tí wọ́n ń tà kiri pọ̀, ọ̀pọ̀ ló sì ń ṣe iṣẹ́ mìíràn. Rọ́bà butyl tó ní fọ́ìlì lójú, irú Dynamat, ariwo àti gbígbọ̀n páànù ló wà fún. Ooru kò kà á kún. Fóòmù tí ihò inú rẹ̀ dí, tí kì í mu omi, ni kí ẹ tẹ́ lé e lórí kí kápẹ́ẹ̀tì tó tẹ̀ lé e. Ọ̀dà bítúmẹ́ẹ̀nì dúdú tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú iná gáàsì, ẹ jìnnà sí i: oòrùn wa nìkan ti tó láti mú un rọ̀, òórùn rẹ̀ kì í sì í tán nínú ọkọ̀. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì ńkọ́? Ó ń mu omi, ó ń jẹ́ kí ilẹ̀ jẹrà, ó sì ń gba iná kíákíá. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tẹ́ ẹ sórí páìpù èéfín.

Ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì ni wọ́n ń lò láti dí ooru láyé àtijọ́, ó sì ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ọjọ́ orí yẹn: nínú gásíkẹ́ẹ̀tì mánífóòdù, nínú bíréèkì, nígbà mìíràn nínú pákó rírọ̀ tó lẹ̀ mọ́ ìgànná. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de gbogbo rẹ̀ ní 1999, nítorí eruku rẹ̀ ń fa àìsàn jẹjẹrẹ tó lè farapamọ́ sínú àyà ẹni fún ogún ọdún sí àádọ́ta ọdún kó tó jáde. Nínú ọgbà mẹkáníìkì wa, afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ni wọ́n fi ń fẹ́ eruku náà dànù, ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì ju ọdún mẹ́rìnlá lọ á sì dúró síbẹ̀ láìbo imú. Èyí ń bà mí nínú jẹ́ ju ooru lọ. Ẹ fi omi rin ín kí ẹ tó ha á, ẹ fi àkísà tútù nù ún, ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ bo imú àti ẹnu yín dáadáa, kí ẹ sì lé ọmọdé jìnnà síbẹ̀.

504 mi ti tutù báyìí, ẹsẹ̀ mi kò ta mí mọ́ títí mo fi ń dé Èkó. Ibì kan ló kù. Sàlẹ́ńsà ẹ̀yìn wà lábẹ́ ìjókòó lọ́wọ́ ọ̀tún, ibẹ̀ ni ìyá mi fẹ́ràn láti jókòó, wọ́n sì sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí a ń bọ̀ láti Ìwó, pé ara ìjókòó náà ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo ti rá wọlé sábẹ́ rẹ̀. Rọ́bà kan ti já níbẹ̀, àlàfo tó kù kò gba ìka mi. Páànù tó ṣẹ́kù ṣì wà lẹ́yìn ilé, mo ti wọn ibi tí yóò wà: ọgọ́ta sẹ̀ǹtímítà ní gígùn, ogójì ní ìbú. Ní Sátidé ni mo fẹ́ gé e.